Bàbá Aláwọ Lẹ́yìn Igi Máńgòrò

Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù yẹn sinmi díẹ̀, kí ẹ̀yin náà sinmi. Mo rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nísinsìnyí. Mo kàn ní kí n gba ẹ̀gbẹ́ pápá yín kọjá lọ kírun Alásárì ni, ẹ bá rí mi, gbogbo yín dá eré dúró, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, bọ́ọ̀lù sì yí lọ sínú gọ́tà. Àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ ń bínú, àwọn tí wọ́n fẹ́ jù ú sí ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ rò pé ẹ̀yin ni mo ń fi rẹ́rìn-ín. Rárá o, ara mi ni mo ń rín.

Ẹ máa ń sọ ọ́ láàárín ara yín pé wọ́n ní bàbá gíga tó ń gbé agboolé ẹ̀yìn yẹn gbá básíkẹ́ẹ̀tì rí. Òótọ́ ni. Kì í ṣe pé mo gbá a rí lásán, òun ni iṣẹ́ tí mo fi jẹun láti ìgbà ọ̀dọ́ mi títí orúnkún mi fi ní òun ò ṣe mọ́. Bí ẹ bá tẹ̀ lé mi dé yàrá lónìí, ẹ ò ní rí nǹkan kan tó máa jẹ́rìí mi. Ikán ti jẹ àwòrán, ìpẹtà ti jẹ ife. Ìtàn nìkan ló kù, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹlòmíì tó fi iyọ̀ sí i.

Ọjà'ba tí mo mọ̀ kì í ṣe èyí tí ẹ̀ ń rí yìí. Kò sí ọ̀kadà tó máa fẹ́ kọ lu ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀. Ẹsẹ̀ la fi ń rìn, bí ẹnìkan bá sì ní kẹ̀kẹ́ lágboolé, tọmọdé tàgbà ló mọ ohùn aago rẹ̀. Láàárọ̀, owú àwọn alágbẹ̀dẹ ló máa kọ́kọ́ dún láti ọ̀nà Bẹyẹrunkà, lẹ́yìn náà ni ẹ máa gbọ́ ẹlẹ́kọ tó ń polówó ẹ̀kọ gbígbóná pẹ̀lú ohùn tó dùn ju ẹ̀kọ rẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ àsìkò ààwẹ̀, àwọn ọmọkùnrin oníwéré á ti jí gbogbo àdúgbò fún sààrì, orin wọn á gba ọ̀nà tóóró já sí Ọ̀rányàn. Nísinsìnyí, fóònù ló ń jí yín. Mi ò bá a jà, ó kàn jẹ́ pé fóònù kì í pe ènìyàn lórúkọ bàbá rẹ̀.

Ilẹ̀kùn ilé àtijọ́ kò ga. Ó jọ pé àwọn tó kọ́ wọn fẹ́ kí ẹni tó bá ń wọlé kọ́kọ́ tẹríba ná. Èmi ni ìyà rẹ̀ jẹ jù. Mo ga débi pé ìyá mi máa ń sọ pé òun ò mọ̀ bóyá ọmọ lòun bí tàbí òpó. Iwájú orí mi ò rí àlàáfíà títí mo fi di ọkùnrin. Ṣùgbọ́n gígùn náà wúlò. Bí adìẹ bá fò sórí àjà, èmi ni wọ́n máa pè. Bí wọ́n bá fẹ́ pa àgọ́ ọdún Iléyá, èmi ni. Bí ọmọ kan bá ju sálúbàtà ẹnìkejì sórí òrùlé, wọn ò ní wá igi, wọ́n á wá mi.

Gígùn yìí náà ló wáṣẹ́ fún mi. Iléeṣẹ́ òyìnbó kan wà nígbà náà tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ó ti kógbá sílé tipẹ́. Mo ń gbé àpò kòkó níbẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń gun àkàbà kí wọ́n tó lè to àpò dókè, èmi á dúró nílẹ̀, màá gbé tèmi lé e. Lọ́jọ́ kan, òyìnbó ọ̀dọ́ tó jẹ́ ọ̀gá wa dé, ó wò mí láti ẹsẹ̀ dé orí, ó tún wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí káfíńtà kan pátákó mọ́ ògiri, ó sì ní kí wọ́n lọ rọ òrùka irin wá láti Bẹyẹrunkà. Alágbẹ̀dẹ tó rọ òrùka náà tẹ̀ lé wa wá wò ó, ó béèrè pé irú ìkòkò wo ni wọ́n fẹ́ gbé kà á tí àdògán náà fi ga tó bẹ́ẹ̀. Òyìnbó gbé bọ́ọ̀lù awọ kan lé mi lọ́wọ́. Mo bi í pé kí ni kí n ṣe sí i. Ó nawọ́ sí òrùka.

Ẹ̀yin ní pápá tí wọ́n fi ọ̀dà kùn ní funfun àti pupa. Ibi tí iléeṣẹ́ ń sá kòkó sí ni pápá tiwa. Kọnkéré gbalasa ni, oòrùn á ti yan án bí àkàrà kó tó di ọ̀sán. Bí àsìkò kòkó bá dé, kòkó ló ni ilẹ̀, bọ́ọ̀lù á lọ sùn. A ó máa fi igi rú kòkó, a ó máa fi ẹsẹ̀ tú u, títí á fi gbẹ. Ìgbà tí wọ́n bá kó o tán ni eré wa tó bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ bí hóró kan ṣoṣo bá ṣẹ́kù sílẹ̀, ẹni tó bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ti lọ nìyẹn. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn kòkó, àtẹ́lẹsẹ̀ mi á máa yún mi.

Òyìnbó ní kí n máa sáré láàárọ̀ kí èémí mi lè gùn. Mo bá ń ti Ọ̀rányàn sáré, mo gba inú Ọjà'ba, mo gun òkè Mápó. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹnìkan rí ọkùnrin gogoro tó wọ ṣòkòtò péńpé tó ń sáré nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán, ó bá ké olè. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí mo jí. Wọ́n lé mi gun òkè náà títí dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn Mápó, àfi ìgbà tí ẹlẹ́kọ wa wò mí lójú, tó ní ṣé kì í ṣe ọmọ aláṣọ òfì Ọ̀rányàn lèyí. Ìyá náà lé wọn padà, ó sì fún mi ní ẹ̀kọ. Nígbà tí mo ròyìn fún òyìnbó, ó ní irú eré tó yẹ kí n máa sá lójoojúmọ́ nìyẹn.

Bàbá mi, Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ló ń hun òfì. Kò bá mi jà nítorí bọ́ọ̀lù. Ó kàn bi mí lọ́jọ́ kan pé bí mo bá darúgbó, ta ni màá kọ́ níṣẹ́ yìí, nígbà tó jẹ́ pé òun ní mi láti kọ́ ní tòun? Ó yẹ kó wà láyé kó rí yín, kó rí ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́yìn yẹn, tó ń jù ú wọlé ju gbogbo ẹ̀yin ọkùnrin lọ. Nígbà tiwa, obìnrin ò jẹ́ dán an wò.

A gbá a káàkiri. A wọ lọ́rì lọ sí Abẹ́òkúta, a wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Òṣogbo àti Èkó. Orúkọ iṣẹ́ mi ni òṣìṣẹ́ ilé-ẹrù, ṣùgbọ́n gbogbo ayé mọ̀ pé nítorí bọ́ọ̀lù ni owó mi ò ṣe dúró nígbà tí kòkó bá tán tí àwọn yòókù bá lọ sílé. Àwọn tó ń wò wá kì í lóye rẹ̀ dáadáa. Wọ́n á bínú pé kí ló dé tí a ò fẹsẹ̀ gbá a. Bí ẹnìkan bá jù ú wọlé tó sì gba ìsàlẹ̀ jáde, wọ́n á máa ké pé apẹ̀rẹ̀ wa ti jádìí, kí a lọ gbé òmíràn wá.

Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo la ní. Awọ ni wọ́n fi rán an, wọ́n fẹ́ rọ́bà sí i nínú. Bí kọnkéré bá ti họ ọ́ tó, ojú rírán rẹ̀ á tú, rọ́bà inú rẹ̀ á yọrí síta bí ìdodo ọmọ tuntun. Òyìnbó ní òun máa ránṣẹ́ sílùú òun fún òmíràn. Mo ní kó fara balẹ̀, pé awọ ò lè bàjẹ́ n'Ìbàdàn kó má rí ẹni rán an. Mo gbé e lọ sí Ọjà'ba, lọ́dọ̀ Bàbá Aláwọ.

Ọkùnrin kúkúrú ni Bàbá Aláwọ, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ojú rẹ̀ kì í sì í rẹ́rìn-ín bọ̀rọ̀. Òun ló ń ṣe gàárì ẹṣin fún àwọn ìjòyè, òun ló ń ṣe àpò Kùránì fún àwọn àlùfáà, sálúbàtà tó bá sì ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, ọmọ ló ń jogún rẹ̀. Bó bá rán awọ tán, á fà á, á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á tú u, á tún un rán. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kéré, ó wà nísàlẹ̀ òkè Mápó, páànù etí òrùlé rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ kí mi. Ó gbá mi níwájú orí, ó dún gbàà. Ọmọbìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá náà tó ń fi ìda pa okùn. Bàbá wò ó kó má rẹ́rìn-ín, ó sì pa ẹ̀rín náà mọ́ra, ṣùgbọ́n okùn ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ni, Rábíátù lorúkọ rẹ̀. Níbi tí okùn yẹn ti ń gbọ̀n ni ọ̀ràn mi ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá yí bọ́ọ̀lù náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó béèrè ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Mo ní a máa ń gbá a mọ́lẹ̀, a sì máa ń jù ú sókè. Ó ní, awọ tó dáa tó báyìí. Ó rán an, ojú rírán tirẹ̀ sì le ju ti àwọn tó ṣe é lọ. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé láti ìgbà náà, bọ́ọ̀lù wa bẹ̀rẹ̀ sí í tú ní ojú mìíràn, kò sì pẹ́ púpọ̀ láàárín ìtúsílẹ̀ kan sí ìkejì. Láàtífù, olórí ẹgbẹ́ wa, ní òun ò tíì rí bọ́ọ̀lù tó fẹ́ràn àtilọ sí Ọjà'ba tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má bi mí léèrè ohunkóhun.

Rábíátù kì í bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀, ayé ìgbà yẹn ò gba ìyẹn. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ sọ ju ìkíni lọ, ohun tó sọ ni pé, "Ẹ máa bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó wọlé o, páànù wa ò le." Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn délé bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn. Inú mi dùn, mi ò lè jẹun. Nígbà tí ìyá mi rí i pé ọmọ tó máa ń jẹ àjẹṣẹ́kù gbogbo ilé ń wo oúnjẹ níran, ó pe bàbá mi, ó ní kí wọ́n lọ bá mi béèrè ìyàwó.

Bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú mi lọ sí ilé Bàbá Aláwọ ní Pópó Yemọja. Ó gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún wọn lóbì. Èmi wà nídọ̀bálẹ̀, imú mi kan ẹní. Ó béèrè iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi yára dáhùn pé ilé-ẹrù kòkó ni. Bàbá Aláwọ ní òun mọ̀ nípa kòkó, pé kòkó ò sí nílẹ̀ lásìkò yìí, kí ni ọmọ náà ṣe láàárọ̀ òní? Bọ́ọ̀lù ni mo lọ jù láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì mọ̀, torí òun ló rán an. Kò pariwo, kò sì fi wá ṣẹ̀sín. Ó ní:

"Ẹ má bínú sí mi. Àwọn tó ti dọ̀bálẹ̀ sórí ẹní yìí nítorí ọmọ mi kò kéré. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ẹni tó ń fi eré jẹun, ọjọ́ tí eré bá tán ńkọ́? Kó lọ wá iṣẹ́ tó lórúkọ, kó tó padà wá."

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Mo ti gbọ́ pé ọkùnrin kan tó ní lọ́rì tirẹ̀ ń wọlé sí wọn, ta ni ò mọ̀ pé lọ́rì wúwo ju bọ́ọ̀lù lọ? Bí mo bá fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, iṣẹ́ ti lọ. Bí mo bá dì í mú, Rábíátù ti lọ. Mo lọ bá òyìnbó, Láàtífù ń túmọ̀ fún wa. Òyìnbó ní ìdíje kan ń bọ̀ tó máa parí kí ọdún Òkè'bàdàn tó dé. Bí a bá gba ife, òun á fi mí ṣe alábòójútó ilé-ẹrù. Iṣẹ́ tó lórúkọ nìyẹn, iṣẹ́ oníjókòó, tí kọ́kọ́rọ́ ilé-ẹrù máa wà nídìí ṣòkòtò mi. Mo gbé bọ́ọ̀lù lọ sí Ọjà'ba, mo fẹnu wúyẹ́wúyẹ́ sọ fún Rábíátù. Ó ní kí n má tíì sọ fún bàbá òun, kí n kàn lọ gba ife náà wá.

A gbá a bí ẹni tí ebi ń pa. Gbogbo ẹgbẹ́ tó wá pàdé wa la lé padà sílé, títí ó fi ku àwa àti àwọn òṣìṣẹ́ èbúté láti Èkó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a máa bá wọn gbá àṣekágbá, Bàbá Aláwọ tún gbogbo ojú rírán bọ́ọ̀lù náà wò. Ó fà á, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo lọ.

Ọgbà iléèwé kan ní Bẹẹrẹ la ti gbá a, èrò sì wá débi pé àwọn ọmọdé wà lórí igi. Àwọn ará Èkó yára, wọ́n ń gba abẹ́ apá wa kọjá bí eku. Nígbà tí ìparí ń sún mọ́lé, àmì kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣáájú wa. Rẹfirí ti gbé fèrè sẹ́nu. Láàtífù já bọ́ọ̀lù gbà, ó jù ú sí mi, ọ̀nà sì là gbàràgàdà níwájú mi, kò sí ẹnìkankan láàárín èmi àti apẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn bọ́ọ̀lù lórí kọnkéré, gbì, gbì. Mo ń gbọ́ ohùn kọ́kọ́rọ́ náà pẹ̀lú. Mo gbójú sókè kí n wo apẹ̀rẹ̀, Bàbá Aláwọ ló dúró nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ó ti gba ẹ̀yìn pátákó wọlé, ó wọ agbádá funfun, ó fi agboòrùn ṣe ọ̀pá, ó dúró lórí ìlà gan-an. Lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe èmi ló wá wò. Ó wá wò bóyá ojú rírán òun máa mú ni. Ó gbójú kúrò lára bọ́ọ̀lù, ojú wa ṣe mẹ́rin.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè jókòó nínú ọkọ̀ kí àna yín, ẹ lè fi fóònù kí i. Nígbà tiwa, ẹni tó bá ń tọrọ ọmọ, ibi tó bá ti rí bàbá ọmọ, ilẹ̀ ló máa bá a. Ìbáà jẹ́ inú ẹrẹ̀. Mo mọ ọkùnrin kan tó gbé igbá èlùbọ́ kalẹ̀ láàárín Ọjà'ba kó lè dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀, ìkíni náà sì gùn, kó tó dìde, ewúrẹ́ ti fá igbá. Kò sẹ́ni tó bú u. Wọ́n ní ilé tó ti wá dáa.

Ara mi ò bi mí léèrè. Orí ń sọ pé kí n jù ú, ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ ti wà nínú orúnkún mi kí bọ́ọ̀lù tó dé Ìbàdàn. Mo rọra gbé bọ́ọ̀lù náà sílẹ̀, kó má baà rí mi kí n ju iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nù, mo sì na gbogbo gígùn mi sórí kọnkéré. Mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá. Ṣé àlàáfíà lẹ wà?"

Bàbá Aláwọ pàápàá ò mọ ohun tó yẹ kóun ṣe, ó kàn dáhùn bí wọ́n ṣe máa ń dáhùn ni. Ó ní kí n dìde, Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i. Kí n tó dìde, ọmọ Èkó kan ti gbé bọ́ọ̀lù lọ, fèrè sì ti dún. Ẹ̀rín tó wá bú jáde lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní wọ́n gbọ́ ọ dé Ọjà'ba.

Òyìnbó sáré wá, ó rò pé àìsàn ló gbé mi ṣubú, ó ní kí wọ́n bu omi sí mi lórí. Láàtífù ṣàlàyé pé bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ ni. Òyìnbó bi í bóyá ọkùnrin kúkúrú yẹn tì mí ni. Láàtífù ní kò tì mí. Òyìnbó ní kí ló wá gbé mi dálẹ̀? Wọ́n wà lẹ́nu ẹ̀ títí èrò fi túká, kò yé e. Ife bá àwọn ará Èkó lọ, kọ́kọ́rọ́ mi sì bá ife lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọdún Òkè'bàdàn bọ́ sí. Ẹ mọ̀ pé lọ́jọ́ náà kò sẹ́ni tó ń dáná, ẹ̀kọ tútù ni a ń jẹ, ẹnu ò sì ní ìjánu. Kò sí ọlọ́lá tí wọn kì í fi kọrin, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bínú. Lára orin tí àwọn ọmọ Bẹyẹrunkà kọ kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa lọ́dún náà, tèmi wà níbẹ̀:

"Gíga gogoro tó dọ̀bálẹ̀,
Bọ́ọ̀lù lọ, aya lọ,
Ó ku ilẹ̀ tó ń gbá mọ́ra."

Mo jókòó sínú yàrá, mo ń gbọ́ ọ, ojú ń tì mí, ọkàn mi sì bàjẹ́. Kì í ṣe nítorí ife. Mo mọ̀ pé kò sí bí mo ṣe máa padà sí Pópó Yemọja láìsí iṣẹ́ tó lórúkọ. Ìyá mi gbé ẹ̀kọ wá, ó sì ń gbé e lọ bó ṣe gbé e wá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni a gbọ́ sàlámù lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Aláwọ ni. Bàbá ọmọ kì í wá sí ilé ẹni tó ń tọrọ ọmọ rẹ̀, a ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Bàbá mi rò pé ẹjọ́ ló wá rò, pé orin náà ti ba orúkọ ọmọ rẹ̀ jẹ́, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ kó tó jókòó. Èmi ti dọ̀bálẹ̀ ní tèmi. Bàbá Aláwọ ní kí bàbá mi gbọ́ tòun ná.

"Àwọn tó ń dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú ilé mi, orí ẹní ni wọ́n ń nà sí, kò ná wọn ní nǹkan kan. Rábíátù ti sọ fún mi ohun tí ife náà jẹ́ fún ọmọ yín. Ó gbé ohun tó ń wá sílẹ̀ kó tó kí mi, lójú gbogbo Ìbàdàn. Mo sọ fún yín pé gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, mi ò mọ èyí tínú ń run. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí. Ẹ wá mú ìyàwó yín."

Bàbá mi, tó jẹ́ olóòótọ́ débi tó fi máa ń pa ara rẹ̀ lára, rán an létí pé iṣẹ́ mi ò tíì lórúkọ. Mo fẹ́ fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Bàbá Aláwọ ní òun ti gbé bọ́ọ̀lù náà wò lẹ́yìn ìdíje, ojú rírán kan ò tú. Ó ní ẹni tó lè gbé awọ sílẹ̀ jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ayé rẹ̀ ń bàjẹ́, kì í ṣe eré ló ń ṣe. Mo wà nílẹ̀, mo ń sunkún sórí ẹní, inú mi sì dùn.

Bí mo ṣe fẹ́ Rábíátù nìyẹn. Mo gbá bọ́ọ̀lù fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Òyìnbó lọ sílé rẹ̀ nígbà tí a gbòmìnira, ọmọ ilẹ̀ wa kan gba ipò rẹ̀, kò sì lé mi. Ó ní kí n máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́. A gba ife, a sọ ife nù. Inú ilé yẹn ni Rábíátù wà báyìí, ó ń gbọ́ bọ́ọ̀lù yín. Ilẹ̀kùn tí àwọn ọmọ wa ṣe fún wa ga débi pé ràkúnmí lè gbà á wọlé, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń bọ̀, á ní, "Ẹ bẹ̀rẹ̀ o." Mo máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìtàn mi ò tíì dé ibi tí mo ń gbé e lọ. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, a tún bá ẹgbẹ́ mìíràn gbá ní Bẹẹrẹ, mo sì ń wo gbogbo èrò kí n lè mọ ibi tí àna mi wà. Mi ò rí i. Inú mi bàjẹ́ díẹ̀, mo rò pé kò wá. Nígbà tó yá, mo gbé ojú lọ sí igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn pápá, mo rí etí agbádá funfun tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà, mo rí ẹnu agboòrùn, mo rí sálúbàtà kan tí mo mọ ẹni tó rán an. Àgbà tí ìjòyè ń dìde fún fara pamọ́ sẹ́yìn igi bí ọmọ tó jí máńgòrò ká, kí n má baà rí òun, kí n má baà dọ̀bálẹ̀. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i. Mo gba bọ́ọ̀lù, mo fò, mo jù ú wọlé. Mo gbọ́ tí ẹnìkan wúkọ́ lẹ́yìn igi náà, irú ikọ́ tí àgbà máa ń wú tí inú rẹ̀ bá dùn tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Bó ṣe ń wò mí nìyẹn títí ó fi dágbére fáyé. A ò fẹnu kàn án lẹ́ẹ̀kan rí.

Ó ti tó. Wọn ò ní pẹ́ pe ìrun, ẹ lọ yọ bọ́ọ̀lù yẹn kúrò nínú omi gọ́tà. Láti ọ̀la lọ, bí ẹ bá ń gbá a lọ́wọ́, tí ẹ sì rí fìlà kan àti orí gíga kan lẹ́yìn igi furúùtù yẹn, ẹ ò rí ẹnì kankan. Ẹ jù ú wọlé.